Ìyẹ̀fun Ewúro Tí Àpèkẹ́ Fẹ́ Fi Wo Ọkọ Rẹ̀

Ẹ̀rín ló gba ilé Àpèkẹ́ kan ní àdúgbò University Heights ní ọ̀sán Sátidé. Démi, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ nípa kẹ́mísírì ní yunifásítì, ń bọ̀ wá kí wọn. Láti ọjọ́ tí Démi ti sọ pé ewúro làwọn fi ń ṣèwádìí, kò sẹ́ni tí Àpèkẹ́ kò tíì ròyìn fún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Omi ewúro ni wọ́n ń pò mọ́ èròjà síńkì," ló máa ń wí. "Á wá di ìyẹ̀fun funfun tó ń pa kòkòrò àrùn!"

Ìròyìn yìí ni Doyin ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ tó fi bá a ra ìgò ìyẹ̀fun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ "nánò" gàdàgbà sí i lára, wọ́n ní ewé ni wọ́n fi ṣe é, pé ó ń wo egbò. Inú Àpèkẹ́ dùn ṣìnkìn. Olúrótìmí ọkọ rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kan sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná.

"Bàbá Démi, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Iṣẹ́ ọmọ yín ló fẹ́ wò yín sàn."

"Kó má ta mí o!" Olúrótìmí rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀.

Ibi tí Àpèkẹ́ ti ń ṣí ìgò ni Démi wọlé bá wọn. Orí ìkúnlẹ̀ tó ti ń kí wọn ló ti rí ìgò náà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Kí lẹ fẹ́ fi sí Dádì lẹ́sẹ̀?"

"Ṣebí irú tiyín ni. Ewúro àti síńkì."

"Tiwa gan-an, a kì í fi sára èèyàn. Omi ewúro ló ń bá wa sọ síńkì di ẹ̀rún tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, èyí tí wọ́n ń pè ní nánò. Omi ewúro yìí la fi rọ́pò kẹ́míkà líle tí à bá lò. À ń wò ó bóyá ẹ̀rún náà á lè fọ aró kúrò nínú omi ìdọ̀tí. Àwọn míì fẹ́ fi ṣe aṣọ tí kòkòrò àrùn ò ní í lè gbé."

"Ṣé ewé náà kọ́ ni?"

"Ewé la fi bẹ̀rẹ̀, Mọ́mì, ohun tó jáde kì í ṣe ewé mọ́. Ohun tó ń pa kòkòrò nínú abọ́ ìwádìí wa lè pa ara tó fẹ́ jinná lára. A ò sì mọ ohun tí wọ́n rọ sínú ìgò yìí. Ẹ jẹ́ ká gbé Dádì lọ sí kílíníìkì."

Àpèkẹ́ dé ìgò náà padà. Ó sáré mú kọ́òtù ọkọ rẹ̀.

Ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì ní egbò náà ti ń kẹ̀ wọnú. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ tètè wá." Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi jinná. Ní Sọ́ńdè tó kọ́kọ́ wọ bàtà padà, Olúrótìmí jó dé iwájú pẹpẹ, Àpèkẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá ìjọ ní kó rọra jó, ẹsẹ̀ tuntun ni!

Ẹ̀yin èèyàn wa, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ewé ṣe nínú yàrá ìwádìí dára, ọ̀pọ̀ àǹfààní ló sì lè bá a wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí kò tíì di oògùn. Ẹ má mu nǹkan kan, ẹ má sì fi í sójú egbò nítorí pé wọ́n kọ "ewé" tàbí "nánò" sí i lára. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà tàbí apòògùn. Ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, bí egbò ẹsẹ̀ ti wù kó kéré tó, kó gbé e lọ síbi ìtọ́jú lọ́jọ́ tó bá rí i.