Balùwẹ̀ Tí Kò Ní Fèrèsé

Abẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná tó ti dípẹtà ni púlọ́ńbà náà dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra. Ọmọbìnrin onílé bẹ̀rẹ̀ wò ó. Akọ̀wé ni gbogbo ayálégbé ń pè é, torí òun ló ń bójú tó ilé onífúláàtì mẹ́fà náà fún bàbá rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí ibi tó ti ń jò?"

"Ibi tí kò ti jò ni mò ń wá."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé yẹn.

Wọ́n jọ ń wọ fúláàtì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bi àwọn ayálégbé pé ẹni mélòó ló ń wẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀rọ tuntun tí wọn yóò rà. Kí wọ́n tó dé fúláàtì kẹfà, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Púlọ́ńbà ń pè é ní "Ìtura mi". "Olówó orí mi" ni Akọ̀wé ń pe òun náà, bẹ́ẹ̀ púlọ́ńbà kò tíì yọjú sí bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ tó yọjú, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló gba ẹnu rẹ̀.

"Àwọn balùwẹ̀ yín kò ní fèrèsé, sà. Ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ló yẹ wọ́n. Tó bá jẹ́ onígáàsì, àfi ká lu ògiri, kí páìpù gbé èéfín síta. Èéfín yẹn kì í rùn, ojú kì í rí i, àmọ́ ó ń pààyàn."

"Ẹnikẹ́ni kò ní lu ògiri tí mo fi eegun ara mi kọ́," bàbá fèsì. "Onígáàsì ni mo fẹ́, kò gbówó lórí. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu."

Púlọ́ńbà dìde. Akọ̀wé bá a jáde.

"Olówó orí mi, jọ̀ọ́, ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Tí a bá ṣègbéyàwó tán, a ó tún un ṣe."

Púlọ́ńbà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. "Nítorí tìẹ ni o."

Ó gbé ẹ̀rọ onígáàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ láìlu ògiri. Bàbá gbà, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Kí ọjọ́ náà tó pé, òtútù dé, kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọ balùwẹ̀, kò jáde. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi èjìká já ilẹ̀kùn, omi gbígbóná ṣì ń dà sí i lára. Ó ti kú.

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀," púlọ́ńbà sọ fún àwọn ọlọ́pàá. "Mo mọ̀ pé kò dáa."

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Akọ̀wé la ẹnu. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Oṣù mẹ́jọ ni púlọ́ńbà lò lẹ́wọ̀n. Ọjọ́ tó jáde, Akọ̀wé dúró dè é lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Jẹ́ ká lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Èmi náà ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo mọ ohun tó tọ́, mo pa á tì nítorí ìfẹ́. Tí mo bá ń jí rí ojú rẹ, aránṣọ ni n ó máa rí."

"Èmi ni mo bẹ̀ ọ́."

"Ọwọ́ mi ló gbé e kọ́. Ó dàbọ̀, Ìtura mi. Má dúró dè mí."

Ó wọ ọkọ̀ lọ. Akọ̀wé sunkún délé, ṣùgbọ́n kò yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkọ aránṣọ ló lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti bàbá mi fi pamọ́ fún yín."

Ọkùnrin náà sún kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kó wọlé.