Aṣọ Tí Ẹnjiníà Kò Wọ̀

"Ẹnjiníà, o ti pè wọ́n?"

Àǹtí ò gbójú sókè bó ṣe ń bèèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́. Kò tíì di ẹnjiníà kankan o. Láti kékeré ni, bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ yìí bá yọ, òun ló máa ń rá wọ abẹ́ tábìlì lọ dá a padà, ni Àǹtí bá sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ó ti ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí kì í kọ́ni kọjá ibẹ̀. Yunifásítì méjì ti ní kó máa bọ̀ wá parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó bá sì fi sílẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni Àǹtí fi ń rán an níléèwé. Àdéhùn wọn ni pé bí àbúrò bá parí, ẹ̀gbọ́n á lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti wù ú látọmọdé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tó bá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọdún méjì ló kù fún Àǹtí.

Àwọn méjèèjì ti jọ lọ wo yunifásítì àkọ́kọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ilé Irin. Ọ̀dà ti bó lára ògiri rẹ̀, epo ẹ̀rọ wà nílẹ̀ káàkiri. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà kó tó gba èsì ìdánwò wò. "Ọdún kẹta lo máa bọ́ sí, ọdún méjì péré ló máa kù fún ẹ," ó ní. "Àmọ́ múra iṣẹ́ o. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná."

Ilé Dígí, yunifásítì kejì, ló wà lọ́kàn Ẹnjiníà. Inú fọ́tò nìkan ló ti rí i: dígí látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ tuntun tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sísí Oge ti wà níbẹ̀. "Ilé Irin kẹ̀?" Sísí Oge ti fi í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti mẹkáníìkì, kí ni ìyàtọ̀ yín?" Ṣùgbọ́n Ilé Dígí ò tíì sọ ọdún tí wọ́n máa fi í sí. Nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Kò pè é, torí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á.

"Mo ní, o ti pè wọ́n?"

"Mo ti pè wọ́n, Àǹtí mi. Ọdún kẹta náà ni."

Àǹtí dá ẹ̀rọ dúró. "Ó dá ẹ lójú? Abéèrè kì í ṣìnà o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó wù ẹ́ ni kó o mú. Ìwọ lo máa gbébẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ó tẹ Ilé Dígí. Irọ́ náà ò tiẹ̀ le lẹ́nu.

Nígbà tó débẹ̀, obìnrin inú ọ́fíìsì wo èsì rẹ̀ fìrí. "Àwa kì í ka iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ọdún kìn-ín-ní."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi wá ni?"

Ó sáré pe Ilé Irin. Àyè ti kún. Ó yẹ kó pe Àǹtí náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá pè é, Àǹtí lè ní kí òun dúró ná, kí Àǹtí kọ́kọ́ lọ kàwé tirẹ̀. Kò fẹ́ dúró. Ó pa ẹnu mọ́.

Àwọn ẹ̀rọ inú fọ́tò ńkọ́? Ọ̀rá ni wọ́n fi bò wọ́n. "Ẹ má fọwọ́ kàn án, àlejò ń bọ̀ wá wò ó," ni àwọn olùkọ́ máa ń wí. Àlejò wá, àlejò lọ, ọ̀rá ò ṣí. Bí Àǹtí bá sì pè, èsì kan náà ni: "Ó ti ń parí lọ, Àǹtí mi."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Ti Ẹnjiníà ò tiẹ̀ pẹ́ tóyẹn. Nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìgboyè. Ó ti parọ́ fún Àǹtí pé wọn kì í gba àlejò. Àǹtí ṣáà wá, ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu, aṣọ funfun kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán wà ní apá rẹ̀. Sísí Oge ló bá pàdé lẹ́nu géètì.

"Ẹnjiníà? Ẹgbẹ́ wa kọ́ o, mà. Ó wà ní kíláàsì ọdún kejì."

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti bá Ẹnjiníà.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ná..."

"Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà mí." Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Mo ti ta ṣọ́ọ̀bù, èrò mi ni pé o ti parí. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ tó o débí, ǹ bá ti lọ nígbà yẹn, kí n tó padà wá rán ẹ níléèwé. Ní báyìí, bí mo bá lọ, kò sẹ́ni tó máa san owó iléèwé rẹ, gbogbo ohun tá a ti ṣe lórí rẹ á ṣòfò. Bí mi ò bá sì lọ lọ́dún yìí, wọn ò ní gbà mí mọ́ láé."

Ẹnjiníà bú sẹ́kún. Àǹtí ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e padà sílé.

Nígbà ìsinmi, Ẹnjiníà bá Àǹtí ní igun ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ti Àǹtí tẹ́lẹ̀, ó ń bá ẹni tó rà á ṣiṣẹ́ kó lè rí owó iléèwé àbúrò rẹ̀ san; ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti bọ́. Wọ́n ti ta aṣọ funfun náà. Ẹlòmíì ló wọ̀ ọ́ lọ gboyè.

Lójijì, bẹ́líìtì ẹ̀rọ yọ. Ẹnjiníà dìde, ó ń retí kí Àǹtí pe orúkọ yẹn. Àǹtí ò pe ẹnikẹ́ni. Ó wo ilẹ̀ díẹ̀, ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó dá bẹ́líìtì padà fúnra rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èèyàn lè ṣi yunifásítì mú, ìyẹn ṣì ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó o bá kọ̀ láti bèèrè, tó o fi irọ́ dípò rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù ló lè fi ayé tirẹ̀ dáhùn rẹ̀.