Ilẹ̀kùn Tí Àwáwù Fi Ṣe Sípíkà

Káfíńtà gbé ayùn lé ilẹ̀kùn náà, ó sì tún gbé e kúrò. Ó wojú Ràmọ́nì, bàbá Àwáwù, ó bi í bóyá ó dá a lójú. Ràmọ́nì ní ó dá òun lójú. Ilẹ̀kùn igi apá ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ nígbà tí ogun Jámánì àkọ́kọ́ ń jà lókè òkun. Òjò ti wó ilé tí ilẹ̀kùn náà wà lára rẹ̀ tipẹ́, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti pín ohun gbogbo tó kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí nìkan ni Ràmọ́nì béèrè fún. Ó gbé e ti ògiri níbi tó ti ń hun aṣọ òfì, kò sì jẹ́ kí eruku bà lé e.

"Là á," ló wí. "Ọmọ mi ní òun mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Bí mo bá gbé e pamọ́ títí, ikán ni yóò jogún rẹ̀."

Àwáwù dúró tì wọ́n. Bí ayùn bá ti wọ pákó yẹn, kò sí ẹni tó lè so ó pọ̀ mọ́. Bí ohun tó fẹ́ ṣe kò bá yọrí sí rere, á jẹ́ pé ó ti ba ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi ń rántí ilé wọn jẹ́.

Ohun tó fà á ni pé sípíkà gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn ní Ìséyìn ti bàjẹ́. Nígbà ìdánwò tí wọ́n fi ń dán etí akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fìdí rẹmi. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá fẹ́ ra òmíràn lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ṣakí, àpótí dúdú gàgàrà kan tó ń dán gbinrin. Àwáwù lọ bá pírínsípà, Màdáàmù Adétúnjí, ó ní òun lè ṣe èyí tí owó rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Màdáàmù kì í pọ̀ lẹ́nu. Ó ní kí ó ṣe é, kí ó gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí wọ́n gbọ́ méjèèjì, kí wọ́n sì yan èyí tó bá wù wọ́n.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. Ojú sípíkà, ìyẹn ibi róbótó tí ohùn ti ń jáde, a máa gbọ̀n, bó sì ṣe ń gbọ̀n ló ń ti ohùn síwájú tó ń ti òmíràn sẹ́yìn. Bí méjèèjì bá pàdé, ńṣe ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà, ohùn a sì rọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń fi àpótí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní pákó tó fẹ̀ tó sì le kò nílò àpótí, pákó náà ni yóò là wọ́n níjà. Ẹ̀yìn sípíkà á wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ohùn kò sì ní há mọ́ ibì kankan. Ojú sípíkà tí Àwáwù lò, ara rédíò ńlá àtijọ́ tí ẹnìkan ti jù sẹ́yìnkùlé ló ti tú u. Wọ́n gbẹ́ ihò róbótó sáàárín pákó apá, wọ́n fi ojú náà sí i, pákó ló sì ṣe ìyókù.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní sípíkà Àwáwù wà níhòòhò, wọ́n ní kí ó tètè wá ṣòkòtò fún un kí ọyẹ́ tó dé. Àwáwù bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Olúkúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a so wáyà, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó mọ Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, alága ẹgbẹ́ òbí, dáadáa. Ọkùnrin yìí kì í ra ohunkóhun láì kọ́kọ́ gbé e wò lọ́wọ́, ohun tí kò bá sì wúwo kò níyì lójú rẹ̀. Olúkúnlé ní ẹ̀gbọ́n òun ní sípíkà alápòótí kan tí ó fi ń ṣeré níbi ìnáwó. Wọn yóò gbé e sábẹ́ tábìlì, aṣọ tábìlì á bò ó mọ́lẹ̀. Bí ti Àwáwù bá kọṣẹ́, kí ó kàn tẹ bọ́tìnnì kan, tìsàlẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á rò pé pákó ni. Àwáwù kò dáhùn. Olúkúnlé ka àìdáhùn náà sí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lọ gbé sípíkà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, àpótí Ṣakí ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mákindé gbé e, ó mí hẹlẹ, ó kàn án lẹ́yìn kó-kó-kó, ó sì mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Wọ́n fi orin sí i, fèrèsé ń gbọ̀n, àwọn ọmọdé ń jó. Lẹ́yìn náà ni Màdáàmù Adétúnjí gba máìkì, ó kí àwọn òbí. Àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn ń bi ara wọn ní ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta.

Ó kan Àwáwù. Kí ó tó débi iṣẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ dìde láti àárín èrò, ó mú aṣọ ẹtù kan tuntun lọ́wọ́. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń hun ún. Ẹ mọ̀ pé àwa ará Ìséyìn kì í gbé ohun iyì jáde láì wọ̀ ọ́ láṣọ. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ràmọ́nì fi ẹtù náà wé sípíkà ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mákindé ní kí wọ́n sún un mọ́ ògiri kí ó lè dúró dáadáa.

Àwáwù ń wò wọ́n. Gbogbo ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe sí sípíkà yẹn ni wọ́n ti ṣe sí i, ìfẹ́ sì ni wọ́n fi ṣe é. Ta ni yóò tú aṣọ bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ìlú?

Màdáàmù sọ̀rọ̀ sínú máìkì. Ohùn náà jáde bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ kúbùsù. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ràmọ́nì ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Tẹ kinní yẹn," ni Olúkúnlé sọ sí i létí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Bọ́tìnnì náà wà lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ayọ̀ ni bàbá rẹ̀ yóò fi relé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé tí wọ́n gba ẹnu rẹ̀ jáde yóò wá di ìbòjú fún irọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò ńkọ́? Kí ni yóò wà lábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ náà? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwáwù fa wáyà sípíkà abẹ́ tábìlì yọ, ó kó o lé Olúkúnlé lọ́wọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Aṣọ yín dára ju sípíkà mi lọ. Ṣùgbọ́n ó dí i lẹ́nu, ó sì dí i lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u."

Ràmọ́nì dé fìlà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó lọ fúnra rẹ̀, ó tú ẹtù náà, ó ká a, ó sì fi lé Àwáwù léjìká.

"Èmi mọ òfì," ló wí. "Ìwọ lo mọ èyí."

Àwáwù àti Olúkúnlé gbé sípíkà kúrò lẹ́bàá ògiri, wọ́n gbé e wá síwájú kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè mí. Àwáwù sọ fún àwọn àgbà láì fi dúdú pe funfun pé sípíkà òun kò ní lè mi ilẹ̀ bíi ti Ṣakí. Bí wọ́n bá fẹ́ jó, kí wọ́n yá àpótí. Ọ̀rọ̀ ni òun ṣe tòun fún. Ọ̀gbẹ́ni Mákindé gbé e wò, ó fúyẹ́ lójú rẹ̀, ó sì yínmú. Ó wá rìn lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn pátápátá, ó ní kí ẹnìkan sọ ohun tí òun kò retí, kí òun mọ̀ bóyá òun á gbọ́.

Màdáàmù na máìkì sí Ràmọ́nì. Kò dì í mú rí láyé rẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò sọ. Ó wo pákó náà. Ibi tí ọwọ́ àwọn àlejò ti máa ń kàn án ṣì ń dán lára rẹ̀. Ó bá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn láti ayébáyé ti máa ń ṣe.

"Àgò onílé o," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohùn náà mọ́ gaara, gẹ́gẹ́ bí ohùn Ràmọ́nì gan-an. Láti ìdí ògiri ẹ̀yìn ni ìdáhùn àkọ́kọ́ ti wá, ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Mákindé ló sì ti jáde kí ó tó mọ̀:

"Àgò yà o."

Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín sọ, omi sì lé ròrò sójú Ràmọ́nì. Kò sẹ́ni tó tún béèrè èyí tí wọ́n máa yàn.

Sípíkà náà ṣì wà ní gbọ̀ngàn yẹn. Nígbà ìdánwò tó tẹ̀ lé e, àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ gbogbo ìbéèrè, Olúkúnlé sì wà lára wọn. Àwa ará Ìséyìn a máa mú àlejò lọ wò ó, a ó sì sọ fún wọn pé ọmọ wa ló ṣe é. A mọ aṣọ hun, kò sẹ́ni tó lè bá wa jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àpótí ńlá kọ́ ni ohùn tó já geere. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má ṣe fi irọ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó fi ohùn ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Onílé yóò dáhùn.