Ìlà Mẹ́tàlélógún Nínú Ìwé Òwú

Níbi tí wọ́n ti ń wọn òwú ní Bessé ni Àdìjá ti kọ́kọ́ rí Dieudonné, ní ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé òmìnira. Ọmọ Pobè ni ọkùnrin náà, ìjọba ló rán an wá láti máa wọn òwú àwọn àgbẹ̀. Àdìjá ní tirẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní búrò òwú, ọ́fíìsì ìjọba ní Savè, ó wá gba ìwé ìwọ̀n.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ti bàbá yìí,” ni Dieudonné wí. “Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń retí mi.”

Àdìjá dúró. Ó rí i bó ṣe fi sùúrù ka ìwọ̀n náà fún arúgbó yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn rẹ̀ fà sí i.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ wọn fi wọra. Ṣùgbọ́n Bàbá Salifou, bàbá Àdìjá, kò fẹ́ gbọ́ rárá.

“Àlejò ni, kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Ta ló mọ ilé rẹ̀? Kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá mi.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n fi ní òwú sọnù. Àpò mẹ́tàlélógún tí Dieudonné wọ̀n ní Bessé kò sí nínú ìwé àká tí wọ́n ń kó òwú sí ní Savè. Jean-Baptiste, ọ̀gá búrò, ní bí wọn kò bá rí i títí di ọjọ́ Jímọ̀, òun yóò ké sí àwọn jàndáàmù, àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n wá mú Dieudonné.

Àdìjá bẹ ọ̀gá pé kí òun tún ìwé méjèèjì yẹ̀ wò.

Àpò kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan nínú ìwé ìwọ̀n, ó sì ní ìlà kan nínú ìwé àká. Àmì kan náà ló yẹ kó wà níwájú méjèèjì: lẹ́tà abúlé àti nímérò àgbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà rẹ̀. B ni ti Bessé, A ni ti Adido. Ìlà tó bá ti rí èkejì rẹ̀, Àdìjá á fi kèréyọ̀n pupa fagi lé e. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń ṣe é.

Ní Àlàmísì, ìlà mẹ́tàlélógún ló ṣẹ́kù nínú ìwé ìwọ̀n. B ni gbogbo wọn.

Ó wá wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ìwé àká, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rò láti wò. Mẹ́tàlélógún náà ni. A ni gbogbo wọn. Nímérò wọn bára mu, ìwọ̀n wọn bára mu, lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀.

Ìkọ̀wé Àdìjá fúnra rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Dieudonné dànù ló kọ ọ́, pẹ̀lú omi lójú, tó fi kọ A dípò B.

Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nílé wọn tó ṣiṣẹ́ búrò. Ó sáré lọ bá Dieudonné, ó sì sọ ohun tó rí fún un.

“Má sọ ọ́, Àdìjá mi,” ni Dieudonné wí. “Wọ́n á lé ọ. Jẹ́ kí n fara gbà á.”

“Kí o lọ sẹ́wọ̀n, kí n máa jókòó sórí àga?”

“Mo lè fara dà á. Ìtìjú tìrẹ ni mi ò lè fara dà.”

“Ẹ̀rù ń bà mí,” ni Àdìjá wí, “ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.”

Ó dé ilé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, títí kan ohun tí Dieudonné sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Salifou wọ agbádá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí búrò.

Àdìjá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, wọ́n sì ka àpò òwú Adido nínú àká. Mẹ́tàlélógún ló lé sí ti Adido: òwú Bessé ni. Jean-Baptiste tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dieudonné, ó sì ní kí Àdìjá má padà wá síṣẹ́ mọ́.

Níta, Bàbá Salifou dúró níwájú Dieudonné.

“O fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọmọ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yẹn ṣì ń dùn mí. Kò tíì tán nínú mi. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí àwọn ará ilé rẹ. Kí wọ́n wá mọ̀ wá.”

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, àwọn ará Pobè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Savè. Àdìjá ń wo ojú bàbá rẹ̀. Ìyá Dieudonné ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àgbélébùú lọ́rùn àti agbọ̀n lórí. Bàbá Salifou wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì, ó bá a sọ agbọ̀n náà kalẹ̀, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, ìyá ọkọ ọmọ mi.”