Àga Iwájú Nínú Bààlúù Gbọ́lá

Ohun àkọ́kọ́ tí Gbọ́lá bi mí láyé yìí ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, nínú méjèèjì yìí, èwo ló ń jẹ́ kí èékánná dán jù?"

Inú ilé ìtajà ńlá kan ní Fourways, nílẹ̀ àjèjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, la wà, níbi tí wọ́n to ohun ìtọ́jú èékánná sí. Ó ti gbọ́ bí mo ṣe ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tó fi sọ Yorùbá sí mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi mú ohun ìha èékánná méjì. Èékánná tirẹ̀ kúrú, ó mọ́, kò sì sí òrùka níka. Mo ní lọ́kàn mi pé, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà, wọ́n tún ti rí ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n fi ń dẹnu kọ obìnrin.

"Ta lẹ fẹ́ rà á fún?" mo bi í.

"Ìyẹ́ bààlúù ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìyẹ́ bààlúù, mà. Mo fẹ́ fi ha á kó dán kí n tó kùn ún."

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo mú ọ̀kan fún un, ó dúpẹ́, ó yí padà láti máa lọ, ó tún padà wá béèrè nọ́ńbà mi bí ẹni tó gbàgbé ṣéńjì sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kà á fún un.

Èmi Fèyíkẹ́, oníṣirò owó ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown. Mo fẹ́ràn ohun tó bá yé mi. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan tó yé mi mọ́.

Dókítà eyín ni Gbọ́lá. Lọ́sàn-án, ẹnu àwọn èèyàn ló ń wò. Bó bá délé, á jókòó ti páálí tó kún fún ike wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, á máa gé wọn, á máa ha wọ́n, á máa fi gúlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di bààlúù tàbí mótò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mótò náà á ní sítíárì, á ní àga. Bó bá kùn ún tán tó ń dán gbinrin, á tún mú ọ̀dà mìíràn, á fi ya ìpẹtà àti ẹrẹ̀ sí i lára.

"Kí ló dé tí o fi ń ba nǹkan tó dára jẹ́?" mo bi í lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mótò tí kò bá dọ̀tí, Fèyí, kò tíì lọ síbì kankan."

Bá a ṣe ń lo ọjọ́ Sátidé wa nìyẹn. Ó máa ń se oúnjẹ, mo máa ń bá a gé ike lórí tábìlì ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó máa ń tì pa. Ó ní òórùn ọ̀dà ti pọ̀ jù níbẹ̀, kí n má wọlé. Kì í dì mọ́ mi. Kì í sọ pé òun fẹ́ràn mi. Ó pè mí ní "olólùfẹ́ mi" lẹ́ẹ̀kan, ó sì wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù síbẹ̀. Bí mo bá yíjú sí i, á yára máa wo gúlúù.

"Gbé àgbọ̀n ẹ sókè díẹ̀," á ní.

"Torí kí ni?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni."

Ó parí. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wa nìyẹn. Èmi sì rèé, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ṣú, ọkàn mi á ti máa retí Sátidé mìíràn. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́kùnrin ni mo ní tàbí ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà tí màmá mi wá kí mi láti Iléṣà, mo sọ fún wọn pé mo ní ẹnì kan.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Dókítà ni, Màámi. Dókítà eyín."

"Eyín nìkan?" Wọ́n ronú díẹ̀. "Kò burú. Eyín náà, ara èèyàn ni."

Gbọ́lá ní ká wá jẹun lọ́dọ̀ òun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Ó wà ní kíṣìnnì, ó ń din dòdò, nígbà tí màmá mi dìde láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò yẹ kí wọ́n ṣí gan-an ni wọ́n ṣí.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wọ́n ti sọ ọmọ mi di ike!"

Mo sáré débẹ̀. Lórí fóòmù kan, àwọn èèyàn kéékèèké tí kò ju ìdajì ìka lọ dúró, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ẹsẹ̀. Ọ̀kan kò ní orí. Àwọn orí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ike tí wọ́n ń kó oògùn sí, dúdú bíi tèmi, pẹ̀lú àpá lókè ojú òsì. Èmi ni mo ní àpá yẹn, láti ìgbà tí mo ṣubú lẹ́bàá kànga ní kékeré. Lórí pẹpẹ, bààlúù kan wà tó ní ìyẹ́ lókè tó tún ní nísàlẹ̀, okùn tín-ín-rín sì wà láàárín ìyẹ́ méjèèjì. Okùn náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Irun wíìgì mi ni. Màmá mi ló rà á fún mi l'Ékòó, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ àwọ̀ rẹ̀.

Gbọ́lá sáré dé tòun ti ṣíbí tó fi ń din dòdò.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Má pè mí ní màámi! Orí ta nìyí?"

Ẹni tó bá gbọ́n, á ní òun ò mọ̀. "Orí Fèyíkẹ́ ni, mà," ó ní.

"Irun yìí ńkọ́?"

"Irun rẹ̀ ni. Ó já sórí àga. Mo fi ṣe wáyà bààlúù, torí pé…"

"Gbọ́lá," mo ní, "kí ni gbogbo èyí?"

"Fèyí, má bínú. Kò tíì parí ni."

"Ẹ gbọ́ o!" màmá mi ké. "Ó ní kò tíì parí!"

A ò jẹ dòdò náà. Bí mo ṣe ń wa mótò lọ sílé, a dé ibi robot kan, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀, ó di àwọ̀ ewé, mi ò mọ̀. Taxi kan ń fun fèrè lẹ́yìn mi bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

"Èmi náà kàwé," màmá mi ní. "Mo mọ̀ pé ike ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin ń fi orí ọmọ mi ṣe? Ìkan kò tó o? Ó di púpọ̀!"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pe Bàbá Àtàndá ní Iléṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ kíá. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n má wá bá àwọn fún àdúrà.

Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò gbà pé Gbọ́lá fi oògùn ṣe mí. Ká ní ìyẹn ni, ìbá rọrùn láti sá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀: gbogbo ìgbà tó ń wo ojú mi, tí mo ń rò pé ìfẹ́ ni, ṣé èmi ló ń wò ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Ṣé bí òun á ṣe gbé mi ka orí abẹ́rẹ́ ló ń rò? Ó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi: "Fèyí, jẹ́ kí n ṣàlàyé." Mo kọ ìdáhùn, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ, mo tún pa á rẹ́. Mò ń bínú sí i, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Nígbà tó di Sátidé, sìkiọ́ríìtì pè mí pé dókítà kan wà ní géètì pẹ̀lú páálí. Màmá mi ní páálí yẹn ò ní wọ ilé. A sọ̀kalẹ̀ lọ bá a nídìí tábìlì oníkọnkéré níbi tí àwọn ará ẹsítéètì ti máa ń yan ẹran. Gbọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko.

"Dìde kí o sọ̀rọ̀," màmá mi ní.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé bààlúù jáde. Èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

"Màámi, abẹ́rẹ́ yẹn, mo fi ń di wọ́n mú ni, kí ìka mi má ba ọ̀dà jẹ́. Ẹni ẹ̀yìn yìí, èmi ni. Mo fi abẹ́rẹ́ gún èmi náà."

"Àwọn orí yẹn ńkọ́?"

"Wọn ò jọ ọ́, mà. Àkọ́kọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ìkejì, ó dà bíi pé inú ń bí i."

"Inú máa ń bí i dáadáa."

"Ti orí yẹn ju ti Fèyí lọ, mà."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Gbọ́lá! Láti ọjọ́ yìí, ṣé èmi lò ń wò ni, àbí orí tí o fẹ́ gbẹ́?"

Ó wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo gúlúù.

"Orí tó bá wà nínú páálí ni mò ń lò fún àwọn bààlúù yòókù, Fèyí. Mi ò ju orí ẹnì kankan nù rí. Ìwọ nìkan ni mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe nípa ẹ̀. Ẹnu mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. 'Ẹ yanu, ẹ panu dé,' ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi máa ń parí sí. Mo ní bó bá parí, màá gbé e fún ẹ, màá wá bi ẹ́ pé ṣé wàá jókòó síbẹ̀."

"Síbo?"

"Síwájú mi. Nínú irú bààlúù yìí, ẹ̀yìn ni awakọ̀ ń jókòó. Ẹni tó gbé dání ló ń wà níwájú, níbi tí ojú ẹ̀ á ti máa tó o."

"Irun mi ńkọ́?"

"Ìyẹn, mo jalè. Ó yẹ kí n tọrọ ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ dì mọ́ ọn, mi ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu mi: "Mo fẹ́ràn ẹ, ìwọ òmùgọ̀ yìí!" Níwájú màmá mi. Ojú tì mí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Màmá mi ò wò mí. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka méjì fa ẹni iwájú yọ, wọ́n sì wò ó pẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ nípa àpá yìí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Mo rí i ni."

"Èmi tí mo bí i," wọ́n ní jẹ́jẹ́, "mo máa ń gbàgbé ojú èwo ló wà."

Wọ́n wé èèyàn kékeré náà sínú áńkáṣíìfù, wọ́n sì so ó mọ́ etí ìró wọn. Ẹ̀rù bà mí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún!"

"Ta ní ń sun ọmọ ẹ̀? Ọmọ mi kì í gbé ilé ọkùnrin tí àwọn èèyàn ẹ̀ ò tíì wá tọrọ ẹ̀. Ó kéré o, ó tóbi o, ọmọ mi ni. Iléṣà ló ń bá mi lọ."

Gbọ́lá wò mí, ó wo ìró wọn. "Màámi… ṣé ẹ kọ̀ ni?"

"Eish, dókítà!" Ibi tí màmá mi ti kọ́ bí àwọn ará ibí ṣe ń ké, mi ò mọ̀. "Ṣé inú páálí lorí tìẹ náà ti wá ni? Mo ní kí o kó àwọn èèyàn ẹ wá gbà á. Èmi ni màá bá Bàbá Àtàndá sọ̀rọ̀."

Gbọ́lá tún nà gbalaja sórí koríko, ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀ lójú rẹ̀. Kí oṣù Kejìlá tó tán, òun àti bàbá rẹ̀ àti gbogbo ẹbí rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sí pálọ̀ Bàbá Àtàndá ní Iléṣà. Inú yàrá ni wọ́n fi mí pamọ́ sí, mò ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Wọn ò tíì ní kí Gbọ́lá dìde tó fi gbórí sókè.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó dà?"

"Èwo nínú wọn?" màmá mi bi í.

"Méjèèjì, mà."