Àlejò Gba Bẹ́ẹ̀dì, Onílé Sùn sí Ilẹ̀

Ẹ̀wù òtútù méjì ni ọmọbìnrin náà wọ̀ lé ara wọn. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sójú fèrèsé bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tí ibà ń ṣe. Yìnyín ń bọ́ lórí ìlú Toledo. Odell Prewitt, tó máa ń kan òrùlé láàárín ọ̀sẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, kò rántí pa ilẹ̀kùn dé.

"Ṣé wàá wọlé ni, àbí o fẹ́ kí òtútù pa gbogbo wa?"

"Má bínú. Kí ló ṣe kọ̀ǹpútà ẹ?"

"Ó gbóná bí ààrò, ó ń wọ́ bí ìgbín."

Renata Sobczak ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń gé adìẹ nínú ilé iṣẹ́ olótùútù. Ìka rẹ̀ méjì kì í ká dáadáa mọ́. Ìdánwò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ló lè gbé e kúrò níbẹ̀: kí ó tan kọ̀ǹpútà méjì tí kò ní ara, tí wọ́n jẹ́ sọ́fítíwià lásán, tó ń gbé inú tirẹ̀ bí àlejò, kí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Odell náà fẹ́ ṣe ìdánwò yìí.

Ó tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. "Gíìgì mẹ́jọ ni mẹ́mórì ẹ, o wá fún àlejò ní méje?"

"Mo fẹ́ kó yára ni."

"Àlejò gba bẹ́ẹ̀dì, onílé sùn sí ilẹ̀. Ta ló máa wá dáná?"

Renata dín in kù sí mẹ́rin. Àlejò náà jí. Renata rẹ́rìn-ín, Odell sì wo ibòmíràn.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Renata á gbé pierogi, ìyẹ̀fun tí wọ́n di ọ̀dùnkún sí nínú, wá nínú bébà. Ṣùgbọ́n bí àlejò kejì bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á tún máa mí hẹlẹ.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, Odell ní, "Gbé e wá, kí n nu eruku inú ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ogójì ìṣẹ́jú ni Renata lò, ó yege. Kọ̀ǹpútà Odell dákú lórí àlejò kejì. Renata yẹ inú rẹ̀ wò.

"Mẹ́jọ? Mẹ́rìndínlógún ni tìẹ tẹ́lẹ̀! O fi mẹ́mórì ẹ pààrọ̀ tèmi?"

"Mo fẹ́ kó yára ni."

"Ta ló ní kí o sùn sí ilẹ̀ nítorí mi?" Omi lé sí i lójú, ó jáde.

Sátidé méjì, àga rẹ̀ ṣófo. Ní ẹ̀kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ tí Odell fẹ́ tún ìdánwò ṣe, Renata dé pẹ̀lú irin kékeré kan tí wọ́n fi ń tú kọ̀ǹpútà. Ó tú kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó fi awẹ́ mẹ́mórì oní-gíìgì mẹ́jọ kan àti oní-mẹ́rin kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Méjìlá, méjìlá. Nínú ilé tí a máa gbé, Odell, mi ò fẹ́ àlejò. Onílé méjì ni mo fẹ́."

"Ilé tí a máa… Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?"

"Lọ ṣe ìdánwò ẹ ná, agbọ́únjẹ-má-jẹ."

Ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta ló lò kí ó tó yege.

Ní oṣù kẹfà, níwájú adájọ́ tó ń so wọ́n pọ̀, òrùka ìgbéyàwó há mọ́ oríkèé ìka Renata tí kì í ká. Odell ń yí i wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Rọra," Renata ní. "A ò sáré."