Ìgò Bàbá Aláàrù

Ó di ọjọ́ kẹjọ tí Agbàtọ̀ ń bá owó tuntun nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ láràárọ̀, ẹni tó yẹ kó máa kú lọ sì tún ń kí i lẹ́nu géètì. Bàbá Aláàrù ni, àpò sìmẹ́ǹtì wà léjìká rẹ̀, ara rẹ̀ le koko. Ó bi í bóyá ó sùn dáadáa. Agbàtọ̀ ní òun sùn. Irọ́ ni. Kò tíì rí oorun sùn láti ọjọ́ tí owó ti dé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Agbàtọ̀ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí ló bí orúkọ náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń yẹ ìtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbàṣe wò, bóyá wọ́n ń lo oògùn olóró. Àwọn ọ̀gá tí iṣẹ́ wọn fìdí múlẹ̀ kì í tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó jọ pé oògùn olóró kì í wọ ọ́fíìsì tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí. Àwọn tó ń ru ẹrù ló ń tọ̀. Agbàtọ̀ á fún wọn ní ìgò, á di ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mú ní ṣíṣí, á sì máa wò wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà yí nǹkan padà. “Ẹ má tilẹ̀kùn. Mo gbọ́dọ̀ rí i.” Bí ogójì ìgbà ló ń sọ ọ́ lójúmọ́, tí ọkùnrin tó tó bí i lọ́mọ á sì máa tọ̀ níwájú rẹ̀, orí ní títẹ̀ba. Òun fúnra rẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ àgbàṣe ni.

Nígbà tó yá, wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò: orúkọ ìyá tó bí ọ. Awakọ̀ kan béèrè ohun tí orúkọ ìyá òun fẹ́ ṣe nínú ìtọ̀ òun. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò pè é síṣẹ́ mọ́. Àwọn yòókù mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ orúkọ ìyá wọn.

Agbaṣẹ́ṣe tó kó gbogbo wọn síṣẹ́ ló mú Agbàtọ̀ lọ sí ibi tí àwọn ìgò náà ń lọ. Ọ̀sán gangan ni. Ilé alágbàfọ̀ ni. Wọ́n ya àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sí méjì, wọ́n sì bọ́ sí yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Òórùn ọṣẹ ló gba iwájú. Òórùn ẹ̀jẹ̀ ló gba ẹ̀yìn. Firíìjì kan dúró níbẹ̀, ó ga bí èèyàn, ó ń kùn. Oníṣègùn jókòó tì í lórí àpótí, arúgbó kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa.

Ó ṣí firíìjì. Ìgò ló kún inú rẹ̀, ọwọ́ Agbàtọ̀ ló kọ orúkọ sára gbogbo wọn. Omi inú wọn ti pọ́n. Ọ̀kan ń hó nínú òtútù. Èyí tí orúkọ wẹ́dà kan níbi iṣẹ́ wọn tó kú lóṣù tó kọjá wà lára rẹ̀ ti gbẹ pátápátá.

“O ti ń kó wọn wá láìmọ̀,” ni oníṣègùn wí. “Ẹni tó bá mọ̀ ló ń jẹ èrè. Fi ọwọ́ ara rẹ mú ẹnì kan wá. Bí omi bá ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni owó á máa wọlé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìgò á gbẹ.”

Ẹ bá mi bi í pé kí ló dé tí kò sá. Yàrá kan tó ń jò lòun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ òṣù kan-òṣù kan tàn án jẹ. Ó mú Bàbá Aláàrù, nítorí kò níyàwó, kò bímọ, kò sẹ́ni tó máa wá a. Bí ẹni ń ṣàánú ló ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ tó gba ìtọ̀ rẹ̀, ojú tì í láti wo ẹni tó ń lọ tà. Ó kọ̀yìn sí i. Kò tíì kọ̀yìn sí ẹnikẹ́ni rí lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Oníṣègùn gba ìgò, ó pe orúkọ bàbá náà, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì wí fún omi náà pé: “Omi tó jáde kì í mọ̀nà ilé mọ́. Ẹni tó ni ọ́ ni kí o máa fà bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní kù.” Firíìjì dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Lọ́jọ́ kejì ni àìsàn dá àbúrò Agbàtọ̀ dúbúlẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Agbàtọ̀ rò pé ibà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹjọ yìí, ètè ọmọ náà ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ti mu odidi kẹ́ẹ̀gì omi, kò sì tíì tọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Agbàtọ̀ fa awọ apá rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró bó ṣe fà á. Ó gbé ike sí i nídìí. Ẹ̀kán mẹ́ta ló jáde, ó dúdú, ó sì gbóná débi pé ó jó ike náà lu. Ọmọkùnrin náà kò lè ké, ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

Agbàtọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó jẹ, tàbí ẹni tó ṣẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. “Bóyá ẹ̀san ni. Ẹ̀yìn ń dun Bàbá Aláàrù, oògùn tí wọ́n ń lò sí i máa ń hàn nínú àyẹ̀wò, àwọn ọ̀gá á sì lé wọn níṣẹ́. Èmi ni mo tọ̀ sínú ọ̀rá fún wọn, tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Wọ́n ní ẹ kọ̀yìn sí wọn. Mo ní àánú ló ṣe yín.”

Kò ya oníṣègùn lẹ́nu nígbà tí Agbàtọ̀ já wọlé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi tó kù nínú ìgò kò ju ìbú ìka kan lọ.

“Ìwọ lò ń ka ìwé ara ìgò. Èmi kì í kàwé,” ni ó wí. “Omi mọ ara tó ti jáde.”

Agbàtọ̀ ní kí ó dà á nù. Arúgbó náà ní bí wọ́n bá dà á nù, wọ́n ti da ọmọ náà nù nìyẹn. Àyè rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo. Kó mú ẹlòmíràn wá rọ́pò rẹ̀ kí alágbàfọ̀ tó kó aṣọ wọlé. “Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ọmọ. Yára.”

Agbàtọ̀ pe Bàbá Aláàrù lórí fóònù. Bó bá ní kó wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn, ó máa wá. Òṣìṣẹ́ àgbàṣe kì í kọ ìpè. Bàbá náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, mo wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ. Mo ra omi oníyọ̀ wá. Ọmọ yìí ṣe mí lóore, mi ò ní fi í sílẹ̀.”

Agbàtọ̀ pa fóònù. Ó rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó lè pa èèyàn lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó ní kí oníṣègùn fún òun ní ìgò.

Arúgbó náà na fọ́ọ̀mù sí i, irú èyí tí Agbàtọ̀ fúnra rẹ̀ ń pín. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà orúkọ ìyá, ó sunkún díẹ̀, ó sì kọ ọ́. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìjì. Ó wọlé, ó na ọwọ́ láti tilẹ̀kùn.

Oníṣègùn fi ẹsẹ̀ dí i.

“Má tilẹ̀kùn,” ni ó wí. “Mo gbọ́dọ̀ rí i.”

Agbàtọ̀ tẹ orí ba, bó ṣe máa ń rí gbogbo wọn tí wọ́n ń ṣe é. Kò pẹ́ tí arúgbó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí fóònù fi dún. Bàbá Aláàrù ni, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ọmọ náà ti tọ̀, ó tọ̀ gan-an, ó ń béèrè oúnjẹ, ó sì ń béèrè ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun máa dé. Agbàtọ̀ la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́.